Ẹni Rere inú Ìwé àti Ẹni Rere inú Sinimá

Àwọn kan wà láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé lónìí tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ti wo sinimá tí a fi ìwé kan ṣe ti ka ìwé náà tán. Wọn a máa wí pé, “Ìròyìn kò tó àfojúbà, kí ni mo tún ń wá nínú ìwé nígbà tí mo ti fi ojú ara mi rí gbogbo rẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí nínú sinimá gan-an ni ìròyìn, nítorí ẹlòmíràn ni ó ka ìwé náà, tí ó sì ń fi àwòrán ròyìn rẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ àfojúbà, inú ìwé ni kí ó wọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ The Lord of the Rings, tí a tẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta láàárín ọdún 1954 àti 1955. Ìtàn ìyanu ni, ó kún fún ẹ̀dá abàmì àti ogun ńláńlá. Òrùka burúkú kan ni kókó rẹ̀: ó lè fún ẹni tí ó bá ní in ní agbára lórí ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n yóò ba ìwà onítọ̀hún jẹ́ pátápátá. Frodo, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn kúkúrú tí a ń pè ní hobbit, òun àti Sam ìránṣẹ́ rẹ̀, ni ó gbé òrùka náà lọ sí òkè oníná tí a ti rọ ọ́, kí ó lè parun níbẹ̀. Peter Jackson, ará New Zealand, fi ìtàn yìí ṣe sinimá mẹ́ta, tí wọ́n jáde ní ọdún 2001, 2002 àti 2003. Ẹ̀kẹta gba ẹ̀bùn Oscar 11.

A kò wí pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Àwòrán òkè àti odò inú rẹ̀ dùn ún wò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni a kò bá a jà nítorí ohun tí ó gé kúrò. Ìwé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú-ewé kò lè wọ inú wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé a gé e. Tom Bombadil, tí ó gba Frodo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là nínú igbó, kò sí nínú sinimá rárá, ìtàn náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ wó. Ẹni tí ó gé ẹ̀ka kò pa igi. Ẹni tí ó fi àáké kan gbòǹgbò ni ó yẹ kí a bá wí.

Gbòǹgbò ìtàn ni ohun tí ènìyàn yàn nígbà tí ìdánwò dé bá a. Ẹ wo Faramir, balógun ará Gondor. Nínú ìwé, Frodo bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú igbó, àṣírí òrùka sì jábọ́ láti ẹnu Sam. Ogun ń bọ̀ wá ká ìlú Faramir mọ́. Boromir ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fẹ́ fi ipá gba òrùka yìí kan náà kí ó tó kú. Síbẹ̀ Faramir kò fọwọ́ kàn án. Ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé, bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fún àwọn àlejò rẹ̀ ní oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Èyí ni àwọn àgbà ń wí pé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Nínú sinimá ọdún 2002, Faramir mìíràn ni a rí. Ó mú Frodo àti Sam ní ìgbèkùn, ó kó wọn lọ sí Osgiliath, kí òrùka náà lè dé ọwọ́ baba rẹ̀. Ìgbà tí ewu fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Frodo lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọkàn padà. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà ṣàlàyé pé, bí ẹnì kan bá lè kọ òrùka náà wẹ́rẹ́, àwọn òǹwòran kò ní gbà mọ́ pé ó lágbára. Àwáwí ni èyí. Nínú sinimá tiwọn náà, a fi òrùka lọ Gandalf, arúgbó ọlọ́gbọ́n nì, ó kọ̀ ọ́. A fi lọ Galadriel, obìnrin aláṣẹ nì, ìdánwò náà mì í, ó sì kọ̀ ọ́. Aragorn, tí yóò jọba lẹ́yìn ọ̀la, pa ọwọ́ Frodo dé mọ́ ọn. Ǹjẹ́ òrùka náà di yẹpẹrẹ nítorí èyí? Rárá o. Èé ṣe tí Faramir nìkan kò fi gbọdọ̀ jẹ́ olóòótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tí ó fara sin níbẹ̀ ni a ń bá jà. Ó ń wí fún ọ̀dọ́ pé kò sí ẹni rere tí kò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ibi. Ọmọ tí ó bá gba èyí gbọ́, bí wọ́n bá gbé ìbéèrè ìdánwò tí a jí wá bá a lóru, yóò wí pé, “Ta ni kò ní gbà á?” Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá Faramir inú ìwé pàdé mọ̀ pé ẹnì kan wà tí kò ní gbà á.

Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Nínú ìwé, Frodo àti Sam jọ gun àtẹ̀gùn Cirith Ungol ni. Nínú sinimá ọdún 2003, Gollum purọ́ mọ́ Sam pé ó jẹ oúnjẹ tí ó kù fún wọn, Frodo sì gbà á gbọ́, ó ní kí Sam máa lọ sílé. Nítorí kí àyà òǹwòran lè já fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n fi ìṣọ̀tá sí àárín ọ̀rẹ́ tí òǹkọ̀wé kò yà nípa.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìparí. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, nígbà tí Frodo, Sam, Merry àti Pippin padà dé, wọ́n bá ilé ní bíbàjẹ́. Àwọn jàǹdùkú ti gba àṣẹ, wọ́n ti gé igi lulẹ̀, wọ́n ti ju ará ìlú sí ẹ̀wọ̀n. Kò sí akọni láti òkèèrè tí ó bá wọn tún un ṣe. Àwọn fúnra wọn ni ó ru ará ìlú sókè tí wọ́n lé àwọn jàǹdùkú náà. Frodo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má pa ẹni tí ó ti juwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sam gbin igi tuntun káàkiri. Nínú sinimá, ìparun ìlú yìí kò ju ohun tí Frodo rí fìrí nínú omi ìran Galadriel lọ; nígbà tí wọ́n padà dé, ohun gbogbo wà bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Báyìí ni ọ̀dọ́ ṣe pàdánù ẹ̀kọ́ pé ẹni tí ó ṣẹ́gun lẹ́yìn odi ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe nínú ilé.

Òǹkọ̀wé náà kò ṣàì kìlọ̀. Ní ọdún 1958, ó ka àkọsílẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan fẹ́ fi sọ ìwé rẹ̀ di sinimá, ó sì bá a wí gidigidi. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn ìjà, wọ́n sì gé ohun tí ó fún ìtàn náà ní adùn tirẹ̀. Sinimá yẹn kò jáde. Tolkien kú ní ọdún 1973, kò sì sí láyé láti bá àwọn tí ó dé lẹ́yìn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ wo sinimá bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ìwé. Bí ẹ bá sì ń wò ó, ẹ máa bi ara yín léèrè pé: kí ni wọ́n gé, kí ni wọ́n sì yí padà? Ẹ dárí ji ẹni tí ó gé ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí a sọ olóòótọ́ di olójúkòkòrò kí eré lè dùn, ẹ mọ̀ pé a ti rẹ́ yín jẹ, kí ẹ sì padà sí ìdí ìwé lọ gba ẹ̀tọ́ yín.