Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Òwe Kan Nínú Ìtàn Ọ̀daràn Alàwòrán ti Ed Brubaker

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di òwe mọ ìdí ààrò dáadáa: wọ́n mọ̀ pé eérú, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń ṣẹ́kù nígbà tí igi ìdáná bá jó tán, kò wúwo bí iyẹ̀pẹ̀, kò sì ṣeé dà nù bí omi, nítorí bí ẹni tó dà á bá ṣe ń yíjú padà láti máa lọ ni atẹ́gùn ń gbé e tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi bà lé e lára àti láṣọ. Ìwà ìkà ni a sábà máa ń fi òwe náà bá wí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbọ́ ọ bí ìhàlẹ̀. Síbẹ̀, òwe náà kò dárúkọ adájọ́, kò dárúkọ ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wá gbẹ̀san. Eérú fúnra rẹ̀ ló ń tọ ẹni tó dà á, èyí tó fi hàn pé inú ìwà gan-an ni ẹ̀san rẹ̀ ń gbé.

Ibì kan tí a ti lè rí ọgbọ́n yìí ní kedere ni àwọn ìtàn alàwòrán tí Ed Brubaker, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń kọ, tí Sean Phillips, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ń yà. Ìtàn alàwòrán ni ìtàn tí a fi àwòrán inú àpótí kéékèèké sọ láti ojú ewé dé ojú ewé, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn sínú àwòrán náà. Ẹ̀yà tí Brubaker yàn láàyò ni noir, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí "dúdú", tí ilé ìtẹ̀wé Gallimard ní Paris fi pe ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ọ̀daràn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Lápàdé ṣe akọni rẹ̀, a máa tọpa ọ̀daràn láti ìta títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́; noir ní tirẹ̀ a máa bá ọ̀daràn gbé inú ilé, a sì máa wo ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ dà, yálà ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 2006 ni Criminal, ọ̀wọ́ ìtàn tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí dá lé jù lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Eisner, èyí tó lókìkí gan-an láàárín àwọn oníṣẹ́ ìtàn alàwòrán ní Amẹ́ríkà, ní 2007 gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ tuntun tó dára jù lọ. Ìtàn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, Coward, tó túmọ̀ sí "Ojo", dá lórí Leo Patterson, olè ọmọ olè, tí ó fi òfin yí ara rẹ̀ ká, tí kì í sì í wọ inú iṣẹ́ tí kò bá tíì mọ ọ̀nà àsálà rẹ̀. Leo gbà pé bí èèyàn bá rọra da eérú, tí ó sì kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kò ní bà lé òun. Nígbà tí ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́ kan fa á sínú iṣẹ́ olè tí ọ̀dàlẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ìṣọ́ra náà kò gbà á: Greta, obìnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé e, pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, Leo, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ojo, sì padà tọ ewu lọ fúnra rẹ̀. Níhìn-ín ni òwe àkọ́kọ́ ti bá òmíràn pàdé, èyí tó sọ pé ẹni tó bá yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ ọ ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù ni ti ìdílé Lawless. Nínú ìtàn Lawless, tó jáde ní 2007, Tracy, tó jẹ́ ọmọ ogun, gbọ́ pé wọ́n ti pa Ricky àbúrò rẹ̀, ó sì sá wá sílé láti wá ẹni tó pa á. Ohun tó gbẹ̀yìn ìwákiri náà ni pé gbèsè tí òkú jẹ Sebastian Hyde, olórí àwọn ọ̀daràn ìlú, bọ́ sí i lọ́rùn, ó sì di dandan kí ó máa fi iṣẹ́ ìpànìyàn san án. Ní ọdún 2008, The Dead and the Dying mú òǹkàwé padà sí àwọn ọdún 1970, ó sọ ìtàn kan náà láti ojú èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ni Teeg, baba Tracy, tó ti ogun Vietnam dé, tí ìwà ipá ogun náà kò sì fi í sílẹ̀. Bí Brubaker ṣe to àwọn ìwé náà ṣe pàtàkì: ó kọ́kọ́ fi eérú tó bà lé ọmọ hàn, lẹ́yìn náà ló tó fi ọwọ́ baba tó dà á hàn. Òwe sọ pé eérú ń tọ ẹni tó dà á. Àwọn ìtàn yìí fi kún un pé kì í dé ara rẹ̀ kí ó má ta sí ẹni tó dúró tì í.

Ẹnìkan lè bèèrè pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é ńkọ́. The Last of the Innocent, tó jáde ní 2011, dáhùn ìbéèrè yìí. Riley Richards padà sí ìlú kékeré níbi tó ti dàgbà, ó pa ìyàwó rẹ̀ kí ó lè gba ayé ìgbà èwe rẹ̀ padà, òfin kò sì rí i mú. Phillips fi ìlà fífúyẹ́, bí ti ìwé alàwòrán àwọn ọ̀dọ́, ya ìrántí ìgbà èwe náà, ó sì fi òjìji bo ìgbà ìsinsìnyí, kí ojú òǹkàwé lè mọ ohun tí Riley ń wá. Àmọ́ kí àṣírí má baà tú, Riley tún pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí wọ́n jọ gbé ayé dídùn ọjọ́un, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó pààyàn nítorí rẹ̀ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Ọlọ́pàá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Eérú ti dé.

Òtítọ́ kan wà lẹ́yìn àwọn ìwé yìí tó tún tan ìmọ́lẹ̀ sí òwe náà. Láti ọdún 2018 ni Jacob Phillips, ọmọ Sean, ti ń fi àwọ̀ sí àwọn àwòrán baba rẹ̀, títí kan Cruel Summer, ìtàn Teeg Lawless àti Ricky ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1988. Ọmọ tó jogún iṣẹ́ ọwọ́ rere ló ń kun ìtàn ọmọ tó jogún ìwà ipá, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tí baba bá ń ṣe lójoojúmọ́ lójú ọmọ ni ogún tó ń fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ búburú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lo òwe yìí láti fi kìlọ̀ fún ọmọnìkejì kò gbọdọ̀ dúró lórí pé ọwọ́ òfin yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí ó lè má tẹ̀ ẹ́. Kí ó sọ fún un pé, kí ó tó da eérú, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ọmọ dúró níbẹ̀.