Kẹ̀kẹ́ gígùn lójú ọ̀nà òkè: Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, kì í ṣe ìgòkè

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti orí títì ọlọ́dà. Ti ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ ni, èyí tó gba inú igbó àti etí odò kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè òkè tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, láti Erin-Ìjẹ̀ṣà tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ àti Ìkógòsí, ẹ mọ irú ọ̀nà tá à ń wí. Òkè níbí, àfonífojì lọ́hùn-ún, oko kòkó lọ́tùn-ún, igbó lósì, odò nísàlẹ̀. Kí ọ̀kadà tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko nírú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sídìí kẹ̀kẹ́ fún ìlera, ohun tó dáa lẹ fẹ́ ṣe. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, ẹni tó ti lé ní ẹni ọdún 65 náà wà níbẹ̀. Fún àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé, 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ sì dáa fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, torí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ara, kì í ṣe orúnkún. Ó ń ran ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn tí dókítà fún yín tì o, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìgòkè. Òkè ló máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gòkè kò lè sáré, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, kò sóhun tó burú nínú kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Ẹ fi ẹnu yín wọn agbára yín: bẹ́ ẹ bá lè bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ó dáa. Bẹ́ ò bá lè parí gbólóhùn kan láìjẹ́ pé ẹ mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró pátápátá, kẹ́ ẹ wá dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dá èèyàn lápá, tó ń fọ́ orí. Bí eré kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ibi tí yóò rìn kó tó dúró yóò di bí ìlọ́po mẹ́rin, ti òkúta wẹ́wẹ́ sì tún burú ju ti ọ̀dà lọ torí pé táyà kì í di ilẹ̀ mú dáadáa níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró kí eré pọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bíréèkì. Láti orí òkè ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù. Ẹ máa fún bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fún ti iwájú nìkan pa lójijì, nítorí ó lè gbé yín sọ síwájú. Bẹ́ ẹ bá rí kọ́nà, kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dín eré, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yí i lọ́wọ́. Bí táyà bá sì ti gba inú omi kọjá, bíréèkì tó ń di etí táyà mú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó bá tutù. Ẹ fún un pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí omi tó wà lára ẹ̀ lè gbẹ, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mìíràn.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Bí ilé yín bá wà lórí òkè, tí odò wà nísàlẹ̀, ìrọ̀rùn ló ṣáájú, wàhálà ló kẹ́yìn. Ẹ ó fi ara líle sọ̀ kalẹ̀ lọ, ẹ ó sì fi ara tó ti rẹ̀ gòkè bọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti mú. Torí náà, ẹ má lo ju ìdá mẹ́ta agbára yín lórí àlọ, ẹ fi ìdá méjì tó kù pa mọ́ fún àbọ̀. Ẹ gbé omi mímu dání, kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sì mú ṣúgà tàbí ohun dídùn dání. Ẹ má dá lọ, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fáwọn ará ilé, nítorí fóònù kì í ṣiṣẹ́ láwọn àfonífojì mìíràn.

Ní ti odò fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìran fún ojú. Ẹ má wẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ wẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Níbi tí omi bá ti rọra ń lọ, tí ìgbín kéékèèké wà lára koríko etí ẹ̀, kòkòrò àtọ̀sí ajá lè wà níbẹ̀. Ó máa ń gba ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìtọ̀. Oògùn praziquantel ló ń wò ó, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Níbi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta, kòkòrò dúdú kékeré kan tó jọ eṣinṣin ń pamọ níbẹ̀, ọ̀sán ló sì ń jẹni. Òun ló ń gbé àìsàn tó ń yún ara, tó sì ń fọ́ ojú. Ẹ̀ẹ̀kan péré kọ́ ló ń fa wàhálà, àjẹtúnjẹ ni, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́ ni kó máa wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín oògùn ivermectin, ẹ gbà á. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ń fi í ṣe ìrànlọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1987.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ má gbé ọmọ kékeré jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láìsí nǹkan tó bo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà. Gìgísẹ̀ ọmọ lè há síbẹ̀, kó sì gé e débi egungun. Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ bá fẹ́ gùn, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì lè kan ilẹ̀ tó bá dúró, kí akoto wà lórí ẹ̀, kẹ́yin náà sì dé tiyín. Ẹ yẹ bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ má fẹ́ táyà le jù, nítorí táyà tó fẹ̀, tó rọ̀ díẹ̀, ló ń di òkúta wẹ́wẹ́ mú. Kí ọmọ má ṣáájú yín lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọkọ̀ agbẹ́gilódò máa ń gba ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lè tètè dúró.

Bí èèyàn bá sì ṣubú, kó má kàn fi ewé tàbí erùpẹ̀ lẹ ojú ọgbẹ́. Kó fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó sì lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń mú àgbọ̀n lẹ̀ pọ̀ gírí, nítorí inú ilẹ̀ ni kòkòrò ẹ̀ ń gbé. Ẹni tó ti pé ọdún mẹ́wàá tó ti gbà á kẹ́yìn ní láti tún un gbà.

Àwọn tó ti dàgbà tí wọn ò gun kẹ̀kẹ́ fún ọdún pípẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibi títẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fojú kan òkè.