Ọdún Kìíní Kò Dára: Ṣé Ọmọ Wa Ṣì Lè Di Dókítà?



Bí ọmọ bá ṣi Kùránì kà ní ilé-kéú, a kì í lé e lọ. A ó ní kó padà sí ibi tó ti ṣì í ni. Kí ló dé tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó wà ní yunifásítì?

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kéú fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n bàọ́lọ́jì ni wọ́n fún un. Nígbà tí ọdún kìíní parí, 2.00 nínú 5.00 ló gbà. Oṣù mẹ́ta ló fi fi ìwé èsì náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ìyá rẹ̀ tó ń ta púpurú ní Òkìtìpupa sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé dókítà òun ń bọ̀. Nígbà tí àṣírí tú, bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. (Iṣẹ́ tó dára ni o, ṣùgbọ́n a kì í fi iṣẹ́ jẹ ọmọ níyà.)

Mo bẹ bàbá náà, a sì jọ ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá gba 2.00 ní ọdún kìíní, tó sì gba 4.50 ní ọdún mẹ́ta tó kù, tí iye ẹ̀kọ́ ọdọọdún bá dọ́gba, yóò parí pẹ̀lú nǹkan bí 3.88. Láti 3.50 ni sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà Direct Entry ti JAMB béèrè ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, kó sì fi ọdún márùn-ún ṣe é. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó kò jìnnà sí wa. Àmọ́ àyè kò pọ̀ níbikíbi, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀; kí ẹ wò ó nínú ìwé ìlànà JAMB, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ní kí ẹ mú owó wá.

Bàbá náà ní ṣé kò ní yá jù kó tún JAMB ṣe? Òótọ́ ni, ọdún mẹ́fà péré ni ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì àti físíìsì tó dá a dúró ń dúró dè é níbẹ̀ náà. Ní tèmi, kó kọ́kọ́ parí èyí tó wà lọ́wọ́. Bí ìṣègùn kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, kò ní padà wálé lásán.

Èsì ọdún kejì ti jáde: 4.10. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di 3.05. Ó gbọ́dọ̀ gba 3.95 ní ọdún kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó kù kó tó kan 3.50. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.