Ẹni Tí Yóò Mu Kafé Ni Kí Ó Wọn Ṣúgà Rẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Tchaourou, omi ti ń hó lórí iná àwọn tó ń ta kafé lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù a dúró, onízémijàn a dúró, àgbẹ̀ tó ń lọ sóko iṣu náà a dúró.

Bí oníkálukú ṣe fẹ́ràn kafé yàtọ̀ síra. Ẹnì kan fẹ́ ẹ ní dúdú, kí ó korò. Ẹlòmíràn fẹ́ kí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó burú. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tó yẹ kí ó yí padà: lọ́pọ̀ ìgbà, olùtajà ni í da wàrà àti ṣúgà sínú ife, láì béèrè iye tí oníbàárà ń fẹ́.

Wàrà inú agolo tó ki, tó sì dùn, kì í ṣe wàrà lásán. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ṣúgà. Ṣíbí ńlá méjì rẹ̀ lè gbé ṣúgà tó tó gíráàmù 20 wọ inú ife. Bí wọ́n bá tún fi hóró ṣúgà mẹ́ta sí i, tí hóró kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 5, àpapọ̀ rẹ̀ di 35. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní OMS, gbani nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 50. Yóò sì dára jù bí kò bá tó 25. Ife kan ṣoṣo ti kọjá 25 yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé ṣúgà ló ń fún òṣìṣẹ́ lágbára. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń kọ ebè nílò agbára. Ṣùgbọ́n agbára iṣu àti ẹ̀wà pẹ́ lára ju ti ṣúgà lọ. Àpọ̀jù ṣúgà a máa ba eyín jẹ́, a máa múni sanra jù, ìsanrajù a sì máa ṣí ọ̀nà fún àtọ̀gbẹ. Àrùn yìí kì í pariwo bọ̀; díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí olùtajà kọ́kọ́ béèrè pé: «Ẹ̀gbọ́n, ṣíbí wàrà mélòó lẹ fẹ́?» Kí ó gbé ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú un. Olùtajà kò pàdánù: ṣúgà tó ṣẹ́ kù, owó ni. Kí ẹni tó ń fi hóró mẹ́ta sí i dín in kù sí méjì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà sí ẹyọ kan. Ahọ́n yóò mọ́ ọn lára. Wàrà tútù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, bí wọ́n bá sè é kí ó hó dáadáa, lè rọ́pò ti agolo láì ní ṣúgà àfikún.

Ẹni tó ni ẹnu ló ni ara. Òun náà ló yẹ kí ó pinnu bí kafé rẹ̀ yóò ti dùn tó.