Wáyà Lẹ́nu, Ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí Eyín

Funfun niyì eyín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Láyé òde òní, funfun nìkan kò tó mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí eyín tò gbọọrọ. Èjí tí àwọn baba wa fi ń yin arẹwà, àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n lè dí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹwà. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ wáyà náà.

Mo wà ní Ifẹ̀wàrà lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọbìnrin ẹbí wa kan rẹ́rìn-ín sí mi. Wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ìdí eyín rẹ̀, èyí tí à ń pè ní erìgì, wú, ó sì pọ́n. Ó ní Èkó ni wọ́n ti bá òun dè é, àti pé láti oṣù mẹ́fà tí òun ti wá sílé, òun kò tíì padà lọ. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí ó bá ń fọ eyín, ó ti dẹ́kun fífọ apá ibẹ̀. Ohun tí ì bá wò ó sàn gan-an ni ó pa tì.

Kí ni ó fà á? Ẹnu kì í ṣófo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ní ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ eyín. Bí a bá lẹ irin mọ́ eyín, kọ̀rọ̀ pọ̀ sí i, oúnjẹ a há síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kì í sì í débẹ̀ bọ̀rọ̀. Bakitéríà bíi Streptococcus mutans a máa pọ̀ sí i, a sì máa sọ ṣúgà di ásíìdì tí ń jẹ eyín. Níbi tí ìmọ́tótó kò sí, àmì funfun bí ẹfun lè yọ lára eyín láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn bakitéríà mìíràn a kóra jọ sí ìdí eyín, erìgì a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Wáyà kọ́ ni ọ̀tá. Erìgì tí ó wú sábà máa ń rọlẹ̀ bí a bá fọ ẹnu dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi falẹ̀ títí àrùn fi jẹ egungun tí ó di eyín mú, ohun tí ó bàjẹ́ kò rọrùn láti dá padà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní wáyà lẹ́nu gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní flúóráìdì fọ eyín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá abẹ́ wáyà. Mo fẹ́ràn pákò, ṣùgbọ́n kò lè wọ abẹ́ wáyà, jíjẹ ẹ́ sì lè já irin kúrò. Gúgúrú, ìrèké àti egungun náà ń bẹ nínú ewu yìí. Ẹ sì sá fún àwọn tí ń fi gọ́ọ̀mù lẹ irin mọ́ eyín nítorí oge. Orílẹ̀-èdè Thailand tilẹ̀ fi òfin dè é.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Láti Ifẹ̀wàrà, ẹni tí ó bá fẹ́ rí dókítà tí ń to eyín níláti wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ olóṣooṣù kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2022 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni àrùn ẹnu ń bá jà. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti oge. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ fi òṣìṣẹ́ tí ó mọ ìtọ́jú ẹnu sí ilé ìlera alábọ́dé, kí ẹni tí ó ti de wáyà lókèèrè lè rí ẹni wo erìgì rẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó wáyà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó àbẹ̀wò. Eyín tí ó tò gbọọrọ lórí erìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ dà bí ilé tí a kùn lọ́dà, tí omi sì ń wọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ.