Nọ́ńbà Àpáta Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá eré gígun àpáta mu gan-an. Nínú eré náà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ó wà lára àpáta ni a máa ń fún ní nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ó ti le tó. Àwọn tí ń wo eré náà lókèèrè a máa rò pé nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe ni.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín ìrìn orí òkè sí. Ìpele kìíní jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ lásán. Ìpele karùn-ún ni ti àpáta tí ó dúró ṣánṣán, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, tí a sì ń so okùn mọ́ra kí ìṣubú má baà di ikú. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn agunpáta tí ń lọ sí Tahquitz, ní California, tún ìpele karùn-ún yìí pín, láti 5.0 dé 5.9. Wọ́n ka 5.9 sí òpin. Nígbà tí àwọn mìíràn gun ohun tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kọ 5.10, wọ́n kọ 5.11, títí ó fi dé 5.15. Olùkọ́ ìṣirò yóò ní 5.10 kò tó 5.9, lórí àpáta, ó jù ú lọ.

Ta ni ó ń fún ọ̀nà ní nọ́ńbà? Ẹni tí ó kọ́kọ́ gùn ún ni ó ń dábàá. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni yóò fọwọ́ sí i tàbí tún un ṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní ọdún 1995, Fred Rouhling, ará Faransé, gun ọ̀nà tí ó pè ní Akira. Ó fún un ní 9b nínú òṣùwọ̀n àwọn Faransé, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 2020, Lucien Martinez àti Seb Bouin gùn ún, wọ́n ní 9a ni. Nọ́ńbà wálẹ̀, ṣùgbọ́n iyì iṣẹ́ náà kò wálẹ̀, nítorí ọ̀nà 9a kò pọ̀ láyé ní ọdún 1995.

Ní ọdún 1993, Lynn Hill, obìnrin ará Amẹ́ríkà, gun ọ̀nà Nose lára El Capitan, tí ó ga tó nǹkan bí 900 mítà, láìfi okùn fa ara rẹ̀ sókè. Okùn wà fún ààbò nìkan. Kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó ti ṣe é rí. Ènìyàn kúkurú ni; ìka rẹ̀ kéékèèké ràn án lọ́wọ́ níbi tí ojú àpáta há. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ bí ọ̀nà kan yóò ti rí fún gbogbo ara.

Kí ni ó wá ń fa ènìyàn sí eré yìí? Àpáta dà bí àlọ́ àpamọ̀: ẹni tí kò bá rí ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí yóò padà wá lọ́la. Adam Ondra padà sí Flatanger, ní Norway, léraléra kí ó tó gun Silence ní ọdún 2017, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a fún ní 9c.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó ní kí a pa máàkì rẹ́. Láìsí nọ́ńbà, ọ̀gbẹ̀rì yóò gun ibi tí ó lè pa á. Ṣùgbọ́n àpáta ni àwọn agunpáta fún ní nọ́ńbà, wọn kò fi sọ ènìyàn lórúkọ. Ní kíláàsì, ọmọ tí ó gba òdo ni a ń pè ní olódo. Ó sàn kí olùkọ́ sọ pé ìbéèrè náà le, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà tún un gbìyànjú.