Bọ́ọ̀lù kọ́ ló jẹ̀bi

Bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá ṣubú lórí pápá tí kò dìde mọ́, ohun tí àwọn tó ṣẹ́kù máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí kálukú pa bọ́ọ̀lù tì. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Lóòótọ́, agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji kú sẹ́nu ayò Nàìjíríà àti Àǹgólà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1989, ọmọ ọdún 25 péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí pápá ní Copenhagen lọ́dún 2021, wọ́n sáré tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn rẹ̀ jí, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní apá pápá àdúgbò ò ká irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Àmọ́ a kì í fowó ra ọwọ́ tí a ó fi tẹ àyà, ìjókòó sílé pàápàá (ẹ bi dókítà) kì í gbani lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ba ọkàn jẹ́. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ Sátidé, ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò kí ẹ tó tún wọ pápá.